Sípíkà wo ni kí n rà? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ kí ohùn dùn ní pálọ̀ rẹ̀

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í gbọ́ ọ. Bí kò bá jẹ́ nínú mọ́tò láti Tánkẹ̀ lọ sí Post Office nílùú Ìlọrin níbí, á jẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ kùtù: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra sípíkà o. Èwo ni kí n rà?" Àwọn mìíràn á fi fọ́tò ránṣẹ́, páálí ńlá tí wọ́n kọ 15,000W sí lára, tí iná pupa àti iná búlúù ń tàn lójú sípíkà. Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ó kàn gùn ju ohun tí ènìyàn lè máa tẹ̀ sórí fóònù lójoojúmọ́ lọ ni. Òun ni mo kọ síbí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi mú kinní kan dání: iye wọ́ọ̀tì tó wà lára páálí kọ́ ló ń mú ohùn dùn. Sípíkà fúnra rẹ̀, yàrá tí ẹ gbé e sí, àti irú iná tó ń wọ ẹ̀rọ yín, ọwọ́ àwọn mẹ́ta yìí ni adùn wà.

Ìbéèrè márùn-ún kí ẹ tó jáde nílé

1. Kí lẹ máa ń gbọ́ jù? Ẹni tó jẹ́ pé wáàsí, Àlùkùránì àti ìròyìn rédíò ni tiẹ̀, ohùn ènìyàn tó mọ́ ló ń wá; kò nílò subwoofer, ìyẹn sípíkà tó wà fún béèsì nìkan, rárá. Ẹni tó fẹ́ràn fújì, dàdàkúàdà tàbí orin àwọn ọ̀dọ́ òde òní á fẹ́ béèsì díẹ̀. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù àti fíìmù ni, ẹ̀rọ tó máa bá tẹlifísàn yín rẹ́ ni kí ẹ wá.
2. Báwo ni pálọ̀ yín ṣe tóbi tó? Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó wọ́pọ̀ níbí, sípíkà kékeré tí woofer rẹ̀ (ojú ńlá tó ń gbé béèsì jáde) jẹ́ ínǹṣì 5 sí 6.5 tó o. Tó bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ, ẹ lè máa wo ínǹṣì 8 tàbí sípíkà gíga tó ń dá dúró nílẹ̀.
3. Irú iná wo lẹ ń lò jù? Iná ìta, jẹnẹrétọ̀ kékeré, àbí inverter àti sólà? Ìdáhùn yìí lè yí ohun tí ẹ máa rà padà pátápátá.
4. Ta ló wà lẹ́yìn ògiri? Agboolé lọ̀pọ̀ wa ń gbé. Béèsì kì í gbọ́ ti ògiri; inú búlọ́ọ̀kù ló ń gbà kọjá. Bí ìyá àgbà bá ń sùn lódìkejì, tàbí tí mọ́sáláásí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, subwoofer ínǹṣì 12 á sọ yín di ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sun baálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
5. Eélòó lẹ fẹ́ ná? Ìmọ̀ràn tèmi: nínú gbogbo ₦10 tí ẹ bá ní, ẹ ná ₦5 tàbí ₦6 sórí sípíkà, ₦3 sórí amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára), kí ìyókù lọ sórí wáyà àti ohun tó máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná burúkú. Òdìkejì rẹ̀ ni mo sábà máa ń rí: amplifier olówó ńlá, sípíkà tí wọ́n fi ṣẹ́ńjì rà.

Irú ètò wo ló bá yín mu?

*Sípíkà méjì àti amplifier.* Tó bá jẹ́ orin ló ká yín lára, ibí ni kí ẹ dúró sí. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ òun nìkan. Bí owó bá tún dé, ẹ fi subwoofer kún un. Àwọn atúnrédíòṣe wa mọ inú rẹ̀ dáadáa, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

*Sípíkà tó ti ní amplifier nínú.* Ẹ tì í bọ iná, ẹ fi wáyà kan so ó mọ́ fóònù tàbí tẹlifísàn, ó parí. Ó dára fún yàrá kan, fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkè-Odò, àti fún ẹni tí kò fẹ́ wáyà rẹpẹtẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí amplifier inú rẹ̀ bá kú, sípíkà náà di ìdúró òdòdó títí ẹ ó fi rí ẹni tún un ṣe.

*Soundbar.* Fún tẹlifísàn, ó ju sípíkà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tẹlifísàn lọ fíìfíì. Fún orin, ó ṣe díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé àpótí kan ṣoṣo ni, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín onílù tó jókòó lọ́tùn-ún àti elégbè tó wà lósì.

*Home theatre onísípíkà márùn-ún.* Èyí tó wà ní ọjà fún owó pọ́ọ́kú, n kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á. Owó sípíkà méjì gidi ni wọ́n pín sí ọ̀nà márùn-ún pẹ̀lú subwoofer, kò sì sí èyí tó yó nínú wọn. Orin púpọ̀ jù lọ, ohùn méjì, ọ̀tún àti òsì, ni wọ́n gbà á sílẹ̀ fún. Àwọn sípíkà ẹ̀yìn yẹn á kàn máa wo yín lójú ni.

*Àpótí onítáyà tó ní bátìrì àti maikirofóònù.* Ìsọmọlórúkọ, àsè, ìwàásù gbangba: ó dáa. Pálọ̀: rárá.

Bí ẹ ṣe máa ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ

Ibí yìí ni owó ti ń sọnù jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Alhaja kan ní àdúgbò wa gbé home theatre wá bá mi nígbà kan pé ohùn rẹ̀ kò ròkè. Páálí náà ń pariwo: 12,000W PMPO. Mo ní kí a yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Lábẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé, lẹ́tà wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà: AC 220-240V, 50Hz, 65W. Mo ní, "Alhaja, iye tó ń gbà lọ́wọ́ iná nìyí o, 65. Ohun tí kò jẹ, ibo ni yóò ti rí i pọ̀?" Ó tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, ó ní, "Ẹni tó tà á fún mi náà kò ṣáà lè wò mí lójú."

Nítorí náà, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo iwájú. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ máa wá:

- RMS. Agbára tí ẹ̀rọ lè gbé jáde láìdúró nìyí. PMPO kì í ṣe òṣùwọ̀n kankan, ẹni tó ń tajà ló ń kọ iye tó bá wù ú. Bí wọ́n bá kọ "THD 10%" (THD ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ya tó) sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀tì náà, ohùn ti ń ya kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ máa wá èyí tó jẹ́ 1% tàbí tó kéré sí i.
- dB, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń gbóhùn tó pẹ̀lú wọ́ọ̀tì kan péré ní mítà kan. Ọ̀pọ̀ sípíkà ilé wà láàárín 84 sí 91. Iye yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: bí sípíkà kan bá jẹ́ 86dB, tí èkejì jẹ́ 89dB, amplifier 50W á mú èkejì gbóhùn tó bí 100W ṣe máa mú èkíní. Kí ohùn tó lè dún ní ìlọ́po méjì létí wa, agbára ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ rí i pé láti 50W bọ́ sí 60W, ariwo ọjà lásán ni. Etí yín kò ní mọ̀ ọ́n.
- Ohm, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó ń wọ inú rẹ̀ tó. Sípíkà ilé sábà máa ń jẹ́ 4, 6 tàbí 8. Ẹ wo ẹ̀yìn amplifier: tí wọ́n bá kọ "8 ohm sókè", ẹ má fi 4 sí i. Bí ẹ bá so sípíkà 8 ohm méjì papọ̀ mọ́ ẹnu kan, 4 ló dà yẹn. Ibi tí amplifier ti ń gbóná títí tó fi ń pa ara rẹ̀ nìyẹn.
- Hz, ìyẹn bí ohùn ṣe wà nísàlẹ̀ tàbí lókè tó: kékeré ni béèsì, ńlá ni ohùn tín-ín-rín. Etí ọmọdé tó dá ṣáká ń gbọ́ láti bí 20Hz dé bí 20,000Hz. Tàgbà ti dínkù lápá òkè. Bí sípíkà oníwoofer ínǹṣì 4 bá sọ pé òun ń sọ̀kalẹ̀ dé 20Hz, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá.

Èwo ló yẹ kó ju èkejì, amplifier ni àbí sípíkà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé amplifier ńlá á ba sípíkà jẹ́. Àwọn tweeter (ojú kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde) tó jóná tí mo ti tú wò, amplifier kékeré tí wọ́n yí dé òpin ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán, ohùn á gé lórí, èyí tó gé yẹn ló ń gbóná mọ́ tweeter. Sípíkà tí wọ́n kọ 80W sí, amplifier 50W sí 100W RMS bá a mu. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ tí ohùn ń ya, ẹ dín in kù, kì í ṣe ìgbà tí èéfín bá yọ.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù

Ní òpópónà Táíwò tàbí ibikíbi tí ẹ bá lọ, orin kan wà tí olùtajà máa ń fi sí i: béèsì kìkì, ohùn lókè téńté. Ilẹ̀ á máa mì, ẹ̀yin náà á máa mi orí. Ẹ má ṣe sanwó síbẹ̀.

1. Ẹ mú fláàṣì tiyín lọ. Ẹ fi MP3 320kbps tàbí FLAC sí i, ìyẹn orin tí wọn kò fún mọ́lẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń ta látaré lórí WhatsApp kò wúlò fún èyí. Wọ́n ti fún un mọ́lẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín.
2. Ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo "Mega Bass", "Rock", "3D" àti ìyàwó wọn. Kí béèsì àti treble (ohùn òkè) wà ní àárín gbùngbùn.
3. Ohùn ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Wáàsí, ìròyìn, ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ láìsí ìlù. Ó yẹ kó dà bíi pé onítọ̀hún jókòó níwájú yín. Bí ohùn rẹ̀ bá dà bí ẹni tó ti orí bọ inú ìkòkò, tàbí bí ẹni tí imú rẹ̀ dí, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí béèsì rẹ̀ lágbára tó.
4. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin tó ní gángan sí i. Èyí ni ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù, mi ò sì tí ì rí èyí tó jù ú lọ. Gángan ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mọ ohun tí onílù náà ń wí látilẹ̀wá, tí ẹ kò wá gbọ́ ọ lára sípíkà yìí, tó kàn ń ṣe "gbì, gbì", sípíkà náà ti gbé àárín ohùn mì.
5. Ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Kó máa ṣe ṣẹ́ṣẹ́ geere, kó má ṣe gún yín létí bí abẹ́rẹ́.
6. Béèsì ló kẹ́yìn. Ó yẹ kó lù kó sì dúró. Tó bá lù tó wá ń wọ́ nílẹ̀ "wùùùù", àpótí rẹ̀ ló fúyẹ́. Ẹ fi ìka kan àpótí náà: ó yẹ kó dún bí ilẹ̀kùn pákó gidi, kó má dún bí páálí bíṣíkíìtì.
7. Bí ẹ bá ń fi méjì wéra, ẹ rí i pé ohùn wọn dọ́gba. Èyí tó bá pariwo díẹ̀ ju èkejì lọ ló máa dà bí ẹni pé ó dùn jù, àwọn ọlọ́jà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.
8. Ẹ jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú. Sípíkà mìíràn ń wuni ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, tó bá pẹ́ díẹ̀ orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ni.

Tí olùtajà bá ní òun kò lè jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Tòkunbọ̀: ibi tí èrè wà, ibi tí jàǹbá wà

Mo fẹ́ràn tòkunbọ̀ o, n kò ní tan yín. Sípíkà àtijọ́ láti Jàpáánù, Jámánì tàbí Ìlú Ọba lè fi ohùn na ọ̀pọ̀ tuntun tó wà lójú páálí, ní owó tó kéré sí i. Ṣùgbọ́n òun náà ni mo ti fi jìyà.

Amplifier Jàpáánù kan ni, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì tó kù díẹ̀ kó kún. Inú mi dùn débi pé mi ò dúró jẹun. Mo dé ilé, mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó kùn bí agbọ́n fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, òórùn ọ̀dà tó ń jóná sì gba yàrá. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: 100V. Iná tiwa jẹ́ 230V. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á, kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò lára amplifier tòkunbọ̀:

- Fọ́ọ̀tì. Ti Jàpáánù 100V, ti Amẹ́ríkà 120V, ti Ìlú Ọba àti Yúróòpù 220V sí 240V. Bí kò bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, ẹ nílò step-down transformer, ẹ̀rọ tó ń já fọ́ọ̀tì wálẹ̀. Kí agbára transformer náà pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ lọ dáadáa. Àwọn ẹ̀rọ kan ní bọ́tìnì kékeré tí ẹ fi lè yí fọ́ọ̀tì. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fi ọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì.
- 50Hz tàbí 60Hz. Tiwa jẹ́ 50. "50/60Hz" kò ní wàhálà. Èyí tí wọ́n kọ 60Hz nìkan sí, transformer inú rẹ̀ á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.
- Bọ́tìnì ohùn. Ẹ yí i lọ síwá sẹ́yìn. Bó bá ń ṣe "kràà, kràà", ìdọ̀tí ni, sípíréè tí wọ́n fi ń fọ inú ẹ̀rọ iná lè tún un ṣe. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá kú pátápátá, ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀ tàbí kí ẹ lọ.

Lára sípíkà, ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀. Ẹ wo etí tó yí bébà woofer ká. Bó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ìka kàn án jẹ́jẹ́. Fóòmù tó ti darúgbó á rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ooru wa kì í ṣàánú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ rọ́bà ló ń pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìka ọwọ́ yín mẹ́rin sí etí bébà náà, ẹ tì í wọlé díẹ̀ kó dọ́gba, ẹ tẹ́tí. Bó bá ń ha ṣìn-ìn-ṣìn-ìn, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti wọ́. Àti tweeter: ẹ fi etí sún mọ́ ọn nígbà tí orin bá ń lọ. Ó lè ti kú tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nítorí pé woofer ṣì ń pariwo.

Wáyà àti síso

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà olówó iyebíye rẹ́ yín jẹ. Wáyà iná tí ó jẹ́ kọ́pà gidi, 1.5mm², tó fún sípíkà tí kò jìnnà ju mítà márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Tó bá jìnnà, ẹ lo 2.5mm². Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ayédèrú: àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà rà lójú. Ẹ fi abẹ fá fọ́nrán kan. Bí inú rẹ̀ bá funfun, òun nìyẹn.

1. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná. Gbogbo rẹ̀.
2. Ẹ gé wáyà ọ̀tún àti tòsì kí gígùn wọn dọ́gba.
3. Ẹ ṣí orí wáyà bí ínǹṣì ìlàjì, ẹ lọ́ fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ kó le. Fọ́nrán kan péré tó yọ́ lọ kan ẹnu kejì lè jó amplifier.
4. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, láti amplifier dé sípíkà, lápá méjèèjì.
5. Ẹ so ibi tí orin ti ń wá. Fóònù: wáyà AUX tàbí Bluetooth. Tẹlifísàn: ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC sí, tàbí optical, bí amplifier yín bá ní in.
6. Ẹ yí ohùn wálẹ̀ dé òdo. Ẹ tan tẹlifísàn tàbí decoder kọ́kọ́, kí amplifier kẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ pa á, amplifier ló ń kọ́kọ́ kú.
7. Ẹ yí ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí balance sí ọ̀tún, ẹ yí i sí òsì, kí ẹ mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀.

Bí béèsì bá sá lọ, tí ohùn olórin kò sì mọ ibi tó wà, pupa ti wọ ilé dúdú lápá kan. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yí wáyà sípíkà kan ṣoṣo padà. Bí kò bá sí àwọ̀ lára ẹnu sípíkà tòkunbọ̀, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára amplifier, kí ẹ fi bátìrì rédíò 1.5V kan ẹnu méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bébà woofer bá yọ síta, ibi tí orí bátìrì kàn ni pupa.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Pálọ̀ wa kò bá orin ṣọ̀rẹ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù, táìsì nílẹ̀, PVC lókè, gíláàsì lójú fèrèsé. Ẹ dúró ní àárín, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá dáhùn "ta-ta-ta" bí inú yàrá ìwẹ̀, sípíkà olówó gọbọi kò ní ràn yín lọ́wọ́ títí ẹ ó fi tún yàrá ṣe. Rọ́ọ̀gì tó nípọn níwájú sípíkà, kọ́tìnnì tó wúwo, àga onítìmùtìmù, àní pẹpẹ tí ìwé kún, gbogbo wọn ń gbé gbohùngbohùn mì. Mo mọ ẹni tó fi ẹní méjì àti kọ́tìnnì ìyàwó rẹ̀ gba owó sípíkà tuntun sílẹ̀.

- Kí sípíkà méjèèjì jìnnà síra wọn tó bí wọ́n ṣe jìnnà sí àga yín: mítà 2 sí 2.5 dára.
- Kí tweeter wà ní ìbámu etí yín tí ẹ bá jókòó, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 90 sí 100 láti ilẹ̀. Ilẹ̀ táìsì kọ́ ni ààyè sípíkà kékeré, orí wáàdìróòbù náà kọ́.
- Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri ẹ̀yìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, pàápàá tí ihò bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú kọ́nà, béèsì á wú bí ẹ̀bà tó ti mumi jù.
- Ẹ má tì í sínú room divider kí ẹ tún wá fi àwo àlejò yí i ká. Àwọn àwo yẹn á máa kọrin pẹ̀lú rẹ̀.
- Subwoofer ní tirẹ̀: ẹ gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin sí i, kí ẹ wá máa rá kiri etí ògiri. Ibi tí béèsì bá ti geere jù létí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé subwoofer lọ. Ẹ tì ilẹ̀kùn kí àwọn ọmọ má bàa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná

Tí wọ́n bá gba iná, ẹ lọ pa swíìṣì amplifier. Ẹ má dúró dè é. Nígbà tí iná bá dé pẹ̀lú ìbínú, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó tan ohunkóhun. Stabilizer tó ń gé iná fúnra rẹ̀ nígbà tí fọ́ọ̀tì bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù kì í ṣe àṣejù. Ó yẹ kó wà nínú owó tí ẹ pín láti ilé.

Ẹ̀yin tó ń lo inverter: ẹ béèrè bóyá "pure sine wave" (èyí tí iná rẹ̀ ń ṣàn geere bí iná ìta) ni. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ á mú kí transformer inú amplifier máa kùn kó sì máa gbóná. Amplifier Class D ni mo máa ń yàn fún onísólà, nítorí pé kì í fi iná ṣòfò bíi ti àtijọ́ tó wúwo. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́ọ̀tì dẹ́rù bà yín: orin tí ènìyàn ń gbọ́ tó sì ń bá àlejò sọ̀rọ̀, wọ́ọ̀tì bí 1 sí 5 ló ń dé ara sípíkà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí fọ́ọ̀tì rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ má ti amplifier bọ̀ ọ́ láìsí stabilizer láàárín.

Tí nǹkan bá ń ṣe é

*Ó ń kùn "ùùùù" kódà tí orin kò sí.* Ẹ ti tẹlifísàn, decoder àti amplifier bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì alásopọ̀ kan náà. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn decoder. Bó bá dákẹ́ nígbà yẹn, ọ̀daràn nìyẹn, oníná lè bá yín so díìṣì mọ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ má gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì lára pọ́lọ́ọ̀gì láéláé. Kíkùn náà lè lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ lè di ohun tí ń gbé ènìyàn.

*Ó ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan.* Ooru. Kí sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán ṣófo lókè rẹ̀. Ẹ gbé decoder kúrò lórí rẹ̀, ẹ ká aṣọ ọ̀ṣọ́ tí ẹ tẹ́ lé e náà kúrò.

*Ẹ̀gbẹ́ kan kò sọ̀rọ̀.* Ẹ pa á, lẹ́yìn amplifier ni kí ẹ ti gbé wáyà ọ̀tún sí òsì àti tòsì sí ọ̀tún. Bí sípíkà kan náà bá ṣì dákẹ́, sípíkà ló bàjẹ́ tàbí wáyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ sípíkà kejì ló wá dákẹ́, amplifier ni.

*Ó kàn kú lójijì, fíúsì sì jó.* Kí ẹ tó fi fíúsì mìíràn sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú àwọn ihò òkè rẹ̀. Lóṣù ọyẹ́, ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ọmọńlé ń wá sùn, ara amplifier sì gbóná dáadáa. Mẹ́ta ni mo ti fà jáde láti inú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbígbẹ, wọ́n tẹ́ sórí bọ́ọ̀dù. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí ẹ bá gé lé àwọn ihò náà ń dènà wọn, bí ẹ bá ti ń gbọn eruku rẹ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.